Ẹrù Ta Ni Abàmì Ẹ̀dá Yìí Rù?

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ̀yin tí ẹ ti oríṣiríṣi orílẹ̀-èdè péjọ, ó dá mi lójú pé púpọ̀ nínú yín ti rí àwòrán kúkúrú kan tí àwọn ọ̀dọ́ máa ń fi han ara wọn, tí wọ́n á sì rẹ́rìn-ín títí omi yóò fi bọ́ lójú wọn. 2016 ni orúkọ sinimá náà. Samuel Nkansah, tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí Ninja, ni ó ṣe é ní nǹkan bí ọdún 2010. Nínú rẹ̀, àwọn abàmì ẹ̀dá ti ojú ọ̀run wá láti gba ilẹ̀ Gánà. Nígbà tí ìpolówó rẹ̀ dé orí YouTube, ó di àwòmálèlọ fún àwọn ará Yúróòpù àti Amẹ́ríkà.

Èmi kò bá wọn rẹ́rìn-ín. Èdè Twi ni wọ́n fi ń ṣe púpọ̀ jù lọ nínú àwọn sinimá Kumasi yìí. Owó tí wọ́n fi ń ṣe wọ́n kéré, ọjọ́ díẹ̀ ni iṣẹ́ sì fi ń parí. Wọn kò dúró de ilé sinimá ńlá kankan: inú ọjà ni wọ́n ti máa ń ta àwo wọn nígbà náà, apá kìíní, apá kejì. Ẹni tí kò lówó lọ́wọ́ tí ó sì parí iṣẹ́ rẹ̀, ìyìn ni ó tọ́ sí i.

Ṣùgbọ́n mo ní ẹ̀sùn kan. Abàmì ẹ̀dá náà jọ èyí tí Amẹ́ríkà gbé jáde nínú Predator ní ọdún 1987. Yíyá nǹkan kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Ní ọdún 1953, àwọn ará Amẹ́ríkà ṣe sinimá ẹranko ńlá kan tí bọ́ǹbù jí lójú oorun. Ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e, Jàpáànù gbé Godzilla jáde. Wọ́n yá èrò náà lóòótọ́, ṣùgbọ́n wọ́n gbé ìbànújẹ́ tiwọn lé ẹranko náà lórí: bọ́ǹbù tí ó run Hiroshima àti Nagasaki ní ọdún 1945, àti àwọn apẹja wọn tí eérú bọ́ǹbù Amẹ́ríkà bà lé lórí òkun ní oṣù kẹta ọdún 1954. Ìdí nìyẹn tí a fi ń ṣe apá mìíràn rẹ̀ títí di òní.

Gánà pẹ̀lú ti ṣe bẹ́ẹ̀ rí. Nínú Diabolo, tí William Akuffo ṣe ní nǹkan bí ọdún 1991, ọkùnrin kan ń di ejò, àwọn obìnrin tí ó tàn jẹ sì ń pọ owó. Irinṣẹ́ rẹ̀ kò dára ju ti Ninja lọ, ṣùgbọ́n ẹ̀rù ọrọ̀ tí a fi ẹ̀jẹ̀ wá wà nínú ilé gbogbo ènìyàn, láti Accra títí dé Èkó. Kò yani lẹ́nu pé apá kejì àti àwọn mìíràn tẹ̀ lé e.

Kí wá ni ń bà wá lẹ́rù ní ìhín lónìí? Ẹ lọ wo odò Offin àti odò Pra. Àwọn awawúrà galamsey ti sọ omi wọn di ẹrẹ̀, mẹ́kúrì sì ń ṣàn nínú rẹ̀. Àwọn àgbà Áṣántì ń sọ ìtàn Sasabonsam, tí ń gbé orí igi nínú igbó kìjikìji, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ tí ó dà bí ìkọ́ rọ̀ sílẹ̀ de ẹni tí ń kọjá. Bí a bá gé igbó náà tán, tí a sì ba odò jẹ́, níbo ni yóò lọ? Ta ni yóò kọ́kọ́ bi léèrè? Kí ẹni tí yóò ṣe sinimá tí ó kàn dáhùn.

Ẹ̀yin olùkọ́ ọ̀la, bí ọmọdé kan bá kọ àròkọ nípa ẹ̀dá tí ó yá láti inú sinimá òkèèrè, ẹ má ṣe fi í ṣẹ̀sín, ẹ má sì fa ìwé rẹ̀ ya. Ẹ bi í ní jẹ́jẹ́ pé: kí ni ń bà ọ́ lẹ́rù ní ilé tiyín? Ibẹ̀ ni kí ó ti bẹ̀rẹ̀ ìtàn rẹ̀ lákọ̀tun.