Ohun tí Ọmọ Òde Ùgbò Gbé Lọ sí Havana

Ọmọ Òde Ùgbò tí ó bá rí àyè ẹ̀kọ́ gbà sí Kúbà kì í ṣe ẹja tí a sọ sórí ilẹ̀. Etí omi ni ó ti wá, etí omi náà ni yóò sì bá ara rẹ̀. Escuela Latinoamericana de Medicina, ilé-ẹ̀kọ́ ìṣègùn tí ìjọba Kúbà dá sílẹ̀ ní ọdún 1999, wà létí òkun ní ìwọ̀-oòrùn Havana, nínú àwọn ilé tí ilé-ẹ̀kọ́ ọmọ ogun ojú omi ń lò tẹ́lẹ̀. Àwọn ọmọ ilẹ̀ Áfíríkà wà lára àwọn tí ó ti kẹ́kọ̀ọ́ jáde níbẹ̀. Ẹni tí kò bá gbọ́ èdè Sípéènì yóò kọ́kọ́ fi oṣù mélòó kan kọ́ ọ, kí ó tó fọwọ́ kan ìwé ìṣègùn. Oṣù wọ̀nyẹn ni ọ̀rọ̀ wà.

Orúkọ ni yóò kọ́kọ́ dà rú. Fọ́ọ̀mù yóò béèrè orúkọ ìdílé bàbá, yóò tún béèrè ti ìyá, èyí tí a kì í sábà kọ sílẹ̀ nílé. Bí akẹ́kọ̀ọ́ náà bá ń jẹ́ Òjó, “Oho” ni wọn yóò pè é, nítorí ìró h ni wọ́n ń fún lẹ́tà j. Ẹ̀rín yóò sì pa wọ́n díẹ̀, nítorí ojú ni “ojo” lédè tiwọn. Bí ó bá kọ “àjò” láìfi àmì sí i, aáyù ni wọn yóò kà. Aáyù kan náà ni wọ́n ń pò mọ́ òróró dà sórí ẹ̀gẹ́ sísè. Ẹni tí ó fi púpurú dàgbà yóò dá ẹ̀gẹ́ náà mọ̀, àfi bí ẹni tí ó rí ará ilé nínú aṣọ àjèjì.

Ṣùgbọ́n etí ni wàhálà tòótọ́ wà. Sípéènì inú ìwé yàtọ̀ sí ti ìgboro Havana. Àwọn ará Kúbà a máa gbé ìró s tí ó bá parí sílébù mì, ọ̀rọ̀ wọn a sì máa sáré. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó gba máàkì dáadáa ní kíláàsì yóò dé ọjà, kò ní gbọ́ nǹkan kan. Ibí yìí ni ó yẹ kí àwọn olùkọ́ Yorùbá fetí sí, nítorí kì í ṣe ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí irú rẹ̀ yóò dé bá ọmọ Òde Ùgbò. Ọjọ́ tí ó kọ́kọ́ wọ ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni ó ti pàdé Yorùbá kan tí kì í ṣe ti ìyá rẹ̀. Nílé, ìró gh wà nínú ọ̀rọ̀, fáwẹ́lì u a sì máa bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀. Orúkọ ìlú náà gan-an jẹ́ ẹ̀rí: Ùgbò ni àwọn onílùú ń pè é, wọ́n sì ní àwọn ni Ìgbò tí a ń kà nípa wọn nínú ìtàn Mọ́remí. Ọmọ yìí kọ́ Yorùbá àjùmọ̀lò, ó tún kọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Ó ti ṣí kúrò nínú èdè kan bọ́ sí òmíràn lẹ́ẹ̀mejì kí ó tó pé ọmọ ọdún mẹ́wàá. Ìṣòro ibẹ̀ ni pé nínú ọ̀pọ̀ kíláàsì, ẹ̀rín ẹ̀sín àti ẹgba ni a fi kọ́ ọ, tí ó fi gbà pé àbùkù ni ohun tí ó gbé ti ilé wá.

Ẹ wo àpẹẹrẹ kan. Yorùbá àjùmọ̀lò ya “ẹ wá” sọ́tọ̀ kúrò lára “wọ́n wá”. Àwọn onímọ̀ èdè ti ṣàkíyèsí pé àwọn ẹ̀ka-èdè gúúsù-ìlà-oòrùn ilẹ̀ Yorùbá, tí Ìlàjẹ wà lára wọn, pa méjèèjì pọ̀: “àn án wá” lè jẹ́ ẹ̀yin, ó sì lè jẹ́ àwọn. Bí ọmọ bá kọ ọ́ sínú àròkọ, bírò pupa ni. Ní Kúbà ńkọ́? “Vinieron” ni ẹ wá, “vinieron” náà ni wọ́n wá. Ohun tí a fi bírò pupa fà lá nílé ni ìlànà gírámà níbẹ̀. Yorùbá lápapọ̀ náà ní ẹ̀bùn tirẹ̀. Ọ̀rọ̀-ìṣe kan ṣoṣo ni Gẹ̀ẹ́sì ń lò níbi tí Sípéènì ti ń lo méjì, ṣùgbọ́n ẹni tí ó lè sọ pé “mo jẹ́ dókítà”, tí ó sì lè sọ pé “mo wà ní Havana” àti “mo wà dáadáa”, ti fẹ́rẹ̀ẹ́ mọ ìyàtọ̀ “soy” àti “estoy” kí olùkọ́ tó lanu. Kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ni ó rọrùn bẹ́ẹ̀, àmọ́ ṣá. Kò sí ohun kan nínú Yorùbá tí yóò sọ fún ènìyàn ìdí tí tábìlì fi jẹ́ abo tí ìwé sì jẹ́ akọ. Àkọ́sórí nìyẹn.

Olùkọ́ lè wí pé ìdánwò WAEC kì í béèrè Ìlàjẹ. Òótọ́ ni. Kò sì sí ẹni tí ó ní kí a má kọ́ ọmọ ní Yorùbá àjùmọ̀lò. Ohun tí a ń béèrè ni pé kí olùkọ́ kọ ẹ̀dà méjèèjì sójú pátákó, kí ó sọ ìyàtọ̀ wọn, dípò kí ó na ẹni tí ó sọ ọ̀kan. Iṣẹ́ ìwádìí ọlọ́dún mẹ́fà tí Babátúndé Fáfúnwá ṣe agbátẹrù rẹ̀ ní agbègbè Ilé-Ifẹ̀ láti ọdún 1970 fi hàn pé àwọn ọmọ tí a fi Yorùbá kọ́ ní iṣẹ́ gbogbo kò kẹ́yìn nínú Gẹ̀ẹ́sì. Yorùbá àjùmọ̀lò ni wọ́n lò níbẹ̀, kì í ṣe ẹ̀ka-èdè. Síbẹ̀ ó tó láti mú kí ẹni tí ó rò pé èdè ilé ń dí èdè mìíràn lọ́nà tún inú rò.

Nǹkan mìíràn tún ń dúró de akẹ́kọ̀ọ́ náà ní Havana. Àwọn ẹrú Yorùbá tí a kó lọ síbẹ̀ ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún fi èdè tí à ń pè ní Lukumí sílẹ̀ nínú ẹ̀sìn òrìṣà. Lydia Cabrera kó ọ̀rọ̀ rẹ̀ jọ sínú ìwé atúmọ̀ tí ó tẹ̀ jáde ní ọdún 1957. “Aleyo” ni wọ́n ń pe àlejò. “Iyawó” ni wọ́n ń pe ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba òrìṣà, ì báà ṣe ọkùnrin. Ohùn ọ̀rọ̀ ti pòórá lẹ́nu wọn, nítorí náà nígbà tí àgbàlagbà kan bá gbọ́ pé ọmọ Nàìjíríà ni akẹ́kọ̀ọ́ yìí, yóò kọ “ile” sórí ìwé, yóò bi í pé èwo nìyí, ṣé ibùgbé ni àbí ohun tí ẹsẹ̀ ń tẹ̀. Ọmọ tí a ti kọ́ láti tijú yóò ní òun kò gbọ́ Yorùbá. Ọmọ tí a kò dójú tì yóò fi àmì sí i fún un lọ́nà méjèèjì, yóò sọ bí wọ́n ti ń pè é ní ilé-ìwé, yóò sì sọ bí ìyá òun ti ń pè é ní Òde Ùgbò, ní èdè Sípéènì tí kò tí ì dán mọ́rán.