Àwo Ace Lé ní Ọdún 35: Ẹ Kú Oríire, Ṣínà Àkànbí Peters

Ẹ bá wa yọ̀ o, ẹ̀yin ará Ìkẹ́rẹ́, ẹ̀yin ọmọ Ìsẹ̀, ẹ̀yin ará Ọ̀rún àti Ẹmùré! Àwo Ace tí olórin jùjú, Sir Shina Peters, gbé jáde lọ́dún 1989 ti lé ní ọdún 35, orin inú rẹ̀ ò sì gbó rárá. Bí wọ́n bá gbé e sí ẹ̀rọ níbi ìnáwó lónìí, àwọn tí wọn ò tíì bí nígbà tó jáde ló ń kọ́kọ́ sáré dé agbo, kí àwọn tó fowó ara wọn ra àwo náà tó dìde lórí àga.

Àní orin yìí ju ìpínlẹ̀ wa lọ lọ́jọ́ orí. Nígbà tí Ace dé ọjà, abẹ́ Ìpínlẹ̀ Oǹdó la ṣì wà. Ọjọ́ kìíní oṣù kẹwàá ọdún 1996 ni wọ́n tó yọ Èkìtì sọ́tọ̀, nígbà yẹn, ó ti tó ọdún méje tí a ti ń jó ijó Ṣínà.

Ọmọ Ìpínlẹ̀ Ògùn ni ọkùnrin náà. A ò ní fi agídí sọ ọ́ di ọmọ Èkìtì nítorí pé inú wa ń dùn. Àwa náà ní olórin tiwa tí a fi ń yangàn: Elemure Ogunyemi wà tó fi ẹ̀ka èdè Èkìtì kọrin ìbílẹ̀ títí tí gbogbo ilẹ̀ Yorùbá fi gbọ́ ọ. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ṣe ni lóore, bó wá láti òkèèrè, a ó kí i. Oore tí Ṣínà ṣe fún òde àríyá wa kò kéré.

Bẹ́ẹ̀ sì ni ìkíni yìí kò mọ sórí àwo kan ṣoṣo. Ẹni tí mò ń kí ni ọkùnrin tó gbajúmọ̀ nínú ẹgbẹ́, tó jáde kúrò níbẹ̀, tó sì fi bí ọdún mẹ́wàá wá ohùn ara rẹ̀ kí ayé tó gbọ́ ọ. Àwọn tó mọ Ace pọ̀. Àwọn tó mọ ọ̀nà tó gbà dé ibẹ̀ ò pọ̀ tó bẹ́ẹ̀.

Ọgbọ̀nọjọ́ oṣù karùn-ún ọdún 1958 ni wọ́n bí Olúwaṣínà Àkànbí. Ọmọdé ló wà tó ti kó àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ jọ, tí wọ́n ń pe ara wọn ní Olushina and His Twelve Fantastic Brothers. Ó dé ọ̀dọ̀ àgbà olórin jùjú, Ebenezer Obey, ibẹ̀ ló ti kọ́ dùùrù. Kò pẹ́ níbẹ̀ tó fi kọjá sọ́dọ̀ General Prince Adekunle, ó sì gbé gìtá kọ́rùn. Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ lórí Adekunle, nítorí ìtàn rẹ̀ ń dùn mọ́ mi. Wọ́n ní ìgbà mìíràn wà tí ọ̀gá náà máa ń díbọ́n pé ara òun kò yá, kí Ṣínà lè bọ́ síwájú kó sì darí ẹgbẹ́. Ẹ gbọ́ ná! Olórin ńlá, tí àwọn èèyàn tìtorí rẹ̀ wá sóde, tó jókòó sẹ́yìn pé òun ń ṣàìsàn kí ọmọ iṣẹ́ lè rí ojú ayé. Bí a bá ń kí Ṣínà kú oríire, ó yẹ ká kí ọ̀gá tó là á lójú pẹ̀lú.

Inú ẹgbẹ́ Adekunle yìí náà ni Segun Adewale, ọmọ Òṣogbo, ti ń kọrin. Nígbà tí ọdún 1970 sí 1979 ń lọ sópin, àwọn méjèèjì jùmọ̀ jáde, wọ́n so orúkọ wọn pọ̀, ó di Shina Adewale. Ọ̀dọ́ ni wọ́n, wọ́n mọ aṣọ wọ̀, jùjú wọn sì yára ju ti àwọn àgbà lọ. Àwo wọn ń jáde léraléra, òkìkí wọn sì kàn. Ẹ rántí pé Obey àti Sunny Adé ló gba gbogbo òde nígbà náà. Kí ọ̀dọ́ méjì tó rí ibi fẹsẹ̀ tẹ̀ láàárín erin méjì yẹn, iṣẹ́ ni.

Nígbà tó yá, wọ́n pínyà. Segun mú ọ̀nà tirẹ̀, ó pe orin rẹ̀ ní Yo-pop, òyìnbó Lọ́ńdọ̀nù sì gbọ́ ọ. Ṣínà dá ẹgbẹ́ International Stars sílẹ̀. Ibí yìí gan-an ni ọ̀rọ̀ wà. Ẹni tó bá ti bá ẹlòmíràn pín orúkọ, lọ́jọ́ tó bá dá dúró, àwọn èèyàn á máa wo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ bóyá ẹnì kejì ṣì ń bọ̀. Gbogbo àwo tí Ṣínà ṣe láàárín ọdún mélòó kan yẹn, kò sí èyí tó gbé e dé ibi tí Ace padà gbé e dé. Bẹ́ẹ̀ ìlú ti le. Ètò àtúntò ọrọ̀ ajé, SAP, tí ìjọba Babangida gbé kalẹ̀ lọ́dún 1986 ti sọ náírà di yẹpẹrẹ; gìtá, ẹ̀rọ agbóhùnjáde, wáyà, gbogbo ohun tí olórin jùjú ń rà láti òkè òkun ló gbówó lórí. Àwọn onífújì ní tiwọn, ìlù àti ohùn ni olú iṣẹ́ wọn. Wọn ò nílò gìtá márùn-ún kí wọ́n tó jáde. Sikiru Ayinde Barrister, Kollington àti Wasiu Ayinde wá ń gba àwọn ọ̀dọ́ lọ́wọ́ jùjú.

Ohun tí ọpọlọ Ṣínà ṣe níbẹ̀ ni mo fẹ́ràn jù. Kò bá fújì jà, ó lọ mú eré ẹsẹ̀ rẹ̀ wá. Ó fi ìlù tó ń sáré bíi ti fújì sábẹ́ gìtá jùjú, ó fi díẹ̀ kún un nínú afrobeat, ó pe àpòpọ̀ náà ní Afro-juju. Laolu Akins ni olóòtú àwo náà, èyí kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ tó yẹ ká fò. Laolu alára ti wà nínú ẹgbẹ́ tó lókìkí rí: òun ló ń lu ìlù fún BLO, ẹgbẹ́ rọ́ọ̀kì tí òun, Berkley Jones àti Mike Odumosu dá sílẹ̀ lọ́dún 1972. Nígbà tí BLO tú ká, ó jókòó sídìí ẹ̀rọ, ó ń tún orin ẹlòmíràn ṣe. Ẹni méjì tó ti jáde nínú ẹgbẹ́ ló pàdé ní yàrá ìgbohùnsílẹ̀, ilé-iṣẹ́ CBS ti Nàìjíríà tẹ àwo náà, ayé sì yí padà fún wọn.

Ẹ wo bí agbo ṣe máa ń rí ní Ìkẹ́rẹ́ nígbà náà. Wọ́n á ta àtíbàbà sójúde, wọ́n á to àga tí wọ́n yá, jẹnẹrétọ̀ á máa ké lẹ́yìn ilé. Ẹni tó ń bójú tó ẹ̀rọ á fi ẹ̀wù nu ojú àwo, á rọra gbé abẹ́rẹ́ lé e létí, gbogbo ènìyàn á sì gbọ́ ìró abẹ́rẹ́ náà nínú sípíkà kí ìlù tó bẹ́. Láti ìgbà náà, kò sí ìsinmi. Orin kan ń wọ inú òmíràn, ìlù ò já títí ojú àwo náà fi tán. Ìyá kan á bọ́ sí agbo jẹ́jẹ́ bí ẹni ń jó orin Obey, kó tó mọ̀, ìlù ti sáré kọjá rẹ̀. Á dúró, á tún ìró dì, á bọ́ bàtà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, á sì bá a lọ! Àwọn ọmọ rẹ̀ á máa lẹ náírà mọ́ ọn níwájú orí, wọ́n á máa pariwo. Lọ́dọ̀ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Kọ́lẹ́ẹ̀jì tó di Yunifásítì Bamidele Olumilua lónìí, kásẹ́ẹ̀tì ló gbòde. Ẹnì kan á yá a lọ́wọ́ ẹnì kejì, á gbà á sínú òmíràn títí ohùn á fi máa dún bí ẹni tó wà nínú àmù.

Wọ́n pe ìfẹ́ tí àwọn èèyàn ní sí Ṣínà yìí ní Shinamania, orúkọ yẹn náà ló sì fi pe àwo tó tẹ̀lé Ace. Àmì-ẹ̀yẹ dé, owó dé, ìwé ìròyìn ò gbé orúkọ rẹ̀ sílẹ̀. Àwọn alárìíwísí ò gba ti àwo Shinamania, wọ́n sọ̀rọ̀ sí i gan-an. Àwọn ará ìlú tètí sí wọn, wọ́n sì lọ ra àwo náà ní ọgọ́rọ̀ọ̀rún ẹgbẹ̀rún. Ní tèmi, àwọn tó jó o ló gba ẹjọ́ náà.

Nígbà tó ṣe, ojú ọjọ́ yí padà. Fújì gba òde, àwọn ilé-iṣẹ́ aṣàwo ńláńlá ń kógbá wọlé, Obey bọ́ sínú orin ìhìnrere, àwọn ọ̀dọ́ tún bẹ̀rẹ̀ orin ìgbàlódé tiwọn. Olórin mélòó ni ìyípadà yìí sọ di ẹni ìgbàgbé, kí a má ṣẹ̀ṣẹ̀ máa kà wọ́n. Ṣínà ò gbé gìtá kọ́. Ó ń ṣe àwo tuntun, ó ń lọ sóde, ó ń jó lórí pèpéle, orúkọ rẹ̀ ò sì wọ ìdọ̀tí. Ọmọ rẹ̀, Clarence Peters, tí òṣèré Clarion Chukwurah bí fún un, wá di ọ̀kan pàtàkì nínú àwọn tó ń ya fídíò orin ní Nàìjíríà. Àwọn gbajúmọ̀ olórin òde òní tí fídíò wọn ti ọwọ́ rẹ̀ jáde ò lóǹkà. Bàbá fún ìran kan ní ohun tí wọ́n ń gbọ́, ọmọ fún ìran tó tẹ̀lé e ní ohun tí wọ́n ń wò. Oríire ìdílé nìyí, a kí bàbá, a kí tọmọ tìyá, a kí gbogbo agboolé.

Ẹni tó bá rò pé kéèyàn jáde nínú ẹgbẹ́ kó sì yege kì í ṣe nǹkan, kó wo iye àwọn tó jáde nínú ẹgbẹ́ tí a ò gbúròó wọn mọ́. Nínú ìwọ̀nba tó yege, 2Baba jáde nínú Plantashun Boiz, ó gbé Face 2 Face síta lọ́dún 2004, ó ṣe é. P-Square tú ká, wọ́n tún padà pọ̀, wọ́n tún tú ká. Ní Èkìtì tiwa, Victor Olaiya, tí àwọn òbí rẹ̀ jẹ́ ará Ìjẹ̀ṣà-Iṣu, ti kọ́kọ́ fọn kàkàkí nínú ẹgbẹ́ Bobby Benson kó tó ní Cool Cats tirẹ̀ lọ́dún 1954. Òun ni Fẹlá àti Tony Allen bá ṣiṣẹ́ rí. Lọ́dún 2013, nígbà tó ti lé ní ọgọ́rin ọdún, òun àti 2Baba tún jọ kọ orin rẹ̀ àtijọ́, àwọn ọmọdé sì gba orin náà bí ẹni pé àná ni wọ́n ṣe é. Ìlà 2Baba àti Olaiya ni Ṣínà wà. Kò sì tíì kúrò lórí pèpéle.

Ọ̀gá Ṣínà, ẹ kú oríire. Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú ìforítì àwọn ọdún tí ẹ fi ń wá ohùn yín. Ẹ kú ọjọ́ tí ẹ kò bínú kúrò nídìí gìtá. Àkànbí, ẹsẹ̀ tí ẹ fi ń jó kò ní rọ, ohùn yín kò ní há, ẹ ó ṣe ọgọ́rin ọdún lókè eèpẹ̀, ẹ ó sì tún fi gìtá yẹn kí ara yín kú oríire lọ́jọ́ náà. Segun Adewale náà, a kí yín. Ẹ̀yin ni ẹnì kejì tó jẹ́ kí orúkọ náà kọ́kọ́ dún. Laolu Akins, a kò gbàgbé yín.

Mo sì ní ẹ̀bẹ̀ kan sí ẹ̀yin èèyàn wa. Àwọn àwo wọ̀nyí ń bàjẹ́ lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì àti lókè àjà ní Ìkẹ́rẹ́, Ìsẹ̀ àti Ẹmùré. Bí bàbá bá kú, ohun àkọ́kọ́ tí àwọn ọmọ máa ń kó dànù ni àpótí àwo. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má dà á nù. Ẹ nu àwọn àwo náà, ẹ to wọ́n ní ìnàró, ẹ má jẹ́ kí oòrùn kan wọ́n, kí ẹ sì fi ránṣẹ́ sí yunifásítì tó wà lẹ́nu ọ̀nà yín bí ẹ kò bá ní ibi tí ẹ lè kó wọn sí. Ẹ̀yin tí ẹ sì ń gbèrò ìnáwó ńlá lọ́dún yìí, kí ẹ tó sanwó tabua fún ọmọdé tó ń la ẹnu lásán sí orin tí ẹ̀rọ ń kọ, ẹ ránṣẹ́ sí Ṣínà Peters pẹ̀lú ẹgbẹ́ onílù rẹ̀, nígbà tó ṣì wà láàyè tí ara rẹ̀ sì le. Ẹ san owó rẹ̀ pé, kí ẹ sì san án ṣáájú ọjọ́ òde.