Ọ̀pọ̀ Ọta Kọ́ Ní Í Pa Àgbọ̀nrín

Ìwé-pẹlẹbẹ fún àwọn ọdẹ, àwọn aṣọ́de àti gbogbo ẹni tí ń jẹ ẹran ìgbẹ́ ní agbègbè Kòsọ́fẹ́

Ìgbàgbọ́ kan wà tí ó ti fìdí múlẹ̀ láàrin àwa tí a ń gbé Ìkòsì, Kétu àti Mile 12, tí ó sì ti ràn dé ọ̀dọ̀ àwọn ọdẹ Ìkòròdú, Ẹ̀pẹ́ àti Ìjẹ̀bú tí ń gba ọ̀dọ̀ wa kọjá: ìgbàgbọ́ náà ni pé bí ọta bá ṣe pọ̀ tó nínú ìbọn ni ẹran yóò ṣe pọ̀ tó nínú àpò ọdẹ, àti pé ẹni tí ó bá ṣì ń gbé ìbọn ẹlẹ́nu kan wọ igbó, èyí tí a ń ká lọ́rùn, tí a ń fi ọta kan ṣoṣo sí, tí a ń yìn, tí a sì tún ń ká lọ́rùn kí a tó lè fi òmíràn sí i, òtòṣì ni, ayé sì ti fi í sílẹ̀ lọ. Bí àgbàlagbà kan bá mú irú ìbọn bẹ́ẹ̀ jáde níbi tí àwọn aṣọ́de kóra jọ sí lẹ́nu géètì àdúgbò, kò ní pẹ́ kí ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ó gbé pọ́ǹpù, ìbọn ọlọ́ta púpọ̀, kọ́ èjìká tó bú sẹ́rìn-ín pé, “Bàbá, àgbọ̀nrín èṣí lẹ ṣì ń jẹ lọ́bẹ̀.” Ọ̀rọ̀ yìí ni mo mú kálàmù láti fèsì sí, nítorí pé irọ́ ni, irọ́ tí ó sì gbé ìbọn lọ́wọ́ kì í ṣe èyí tí a ń fi sílẹ̀ kí ó dàgbà.

Mo mọ ibi tí irọ́ náà ti ṣẹ̀ wá. Ìtàn ogun ni ó bí i. A gbọ́ lẹ́nu àwọn bàbá wa bí Èkìtì Parapọ̀, tí Ògèdèǹgbé akọni ará Iléṣà ṣe olórí ogun wọn, ṣe dojú kọ Ìbàdàn nínú ogun Kìrìjì, èyí tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 1877 tí wọn kò sì tú ibùdó rẹ̀ ká pátápátá títí di 1893, àti bí àwọn ìbọn òyìnbó tí a ń ki láti ẹ̀yìn, tí wọ́n gba Èkó dé ọ̀dọ̀ wọn, ṣe kó jìnnìjìnnì bá àwọn tí kò ní ju ṣakabùlà lọ. Òótọ́ ni ìtàn yìí, ṣùgbọ́n àwọn tí ń fi í gbe èrò wọn lẹ́sẹ̀ gbàgbé ohun kan: Snider, tí ó lórúkọ nínú àwọn ìbọn ogun ayé ìgbà náà, ọta kan ṣoṣo ni ó ń gbà lẹ́ẹ̀kan, bí ti ìbọn ẹlẹ́nu kan tí àwọn ọmọdé ìsinsìnyí ń fi ṣẹ̀fẹ̀. Ohun tí ó fi ta ṣakabùlà yọ ni pé kíkì rẹ̀ kò gba àkókò, àti pé ihò rẹ̀ tí a gbẹ́ ìlà yíyí sí nínú ń mú kí ọta lọ gan-an síbi tí a dojú rẹ̀ kọ. Bẹ́ẹ̀ ni ogun kò sì jọ ọdẹ. Ọ̀tá tí a ṣe lọ́gbẹ́ lójú ogun ti kúrò nínú ìjà. Ẹran tí a ṣe lọ́gbẹ́ nínú igbó ti kúrò nínú ọbẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a wá gun orí ègùn lọ, kí a wo bí àgbọ̀nrín ṣe ń kú. Oòrùn ti wọ̀, afẹ́fẹ́ ń fẹ́ láti ibi tí ẹran yóò gbà jáde bọ̀ sọ́dọ̀ ọdẹ, nítorí ọdẹ tí ó bá jókòó sí òkè afẹ́fẹ́ ti fi ara rẹ̀ hàn kí ẹran tó dé. Àgbọ̀nrín arẹwà, ẹlẹ́sẹ̀ tínínrín, a-jẹko-má-gbàgbé-ikú, yóò sún ìgbésẹ̀ kan, yóò dúró. Yóò tẹ orí ba bí ẹni tí ó fẹ́ jẹun, yóò sì tún gbé e sókè lójijì láti fi mú ẹni tí ó bá ti mira. Nígbà tí ó bá kọ iwájú sí ọdẹ, kì í ṣe àkókò. Nígbà tí ó bá kẹ̀yìn, kì í ṣe àkókò. Ìgbà tí ó bá fi ẹ̀gbẹ́ hàn, tí ẹsẹ̀ iwájú rẹ̀ sì na díẹ̀, nígbà náà ni ọdẹ yóò fi àtàǹpàkò fa òòlù ìbọn sẹ́yìn pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, tí yóò sì wo ẹ̀yìn èjìká ẹran náà gan-an, níbi tí ọkàn àti ẹ̀dọ̀fóró wà. Ẹran tí ọta bá níbẹ̀ kì í sá jìnnà kí ó tó ṣubú, ṣùgbọ́n èyí tí ọta bá ní ikùn lè gbé e wọ inú irà lọ, kí ó kú síbi tí ẹnikẹ́ni kò ní rí i, kí eṣinṣin àti ìdin sì jẹ ohun tí ìyàwó ọdẹ ìbá fi se ọbẹ̀.

Níbo wá ni ọta kejì, ìkẹta àti ìkẹrin ti wúlò nínú ohun tí a rí yìí? Ìró àkọ́kọ́ ti jí gbogbo igbó. Ọta àkọ́kọ́ nìkan ni ó bá ẹran ní ìdúró. Ìrù ni àwọn yòókù ń lé, ewé àti ìtàkùn ni wọ́n sì ń bá. Ẹni tí ó ní ọta márùn-ún nínú ìbọn kò ní àǹfààní márùn-ún. Ẹyọ kan náà tí bàbá arúgbó ní ni òun náà ní, àfi pé òun kò mọ̀ bẹ́ẹ̀. Àìmọ̀ yìí ni ó ń bà á jẹ́. Nítorí pé ó gbẹ́kẹ̀ lé ìyókù, kò ní farabalẹ̀ fún èkínní, bẹ́ẹ̀ sì ni àwọn àgbà ti wí i pé ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fi agbára mú ní í le koko.

Ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti burú jù kò tilẹ̀ kan ẹran. Ọdẹ tí ọta kún inú ìbọn rẹ̀ a máa yìn ín sí ewé tí ó mì, sí òjìji, sí ojú méjì tí ó tàn nínú òkùnkùn. Bẹ́ẹ̀ ni igbó kì í ṣe ti ọdẹ nìkan: adẹ́mu ń bẹ níbẹ̀, obìnrin tí ń ṣẹ́gi ń bẹ níbẹ̀, ọdẹ ẹlẹgbẹ́ ẹni tí ó so iná mọ́ iwájú orí ń bẹ níbẹ̀. Mélòó ni a ti gbọ́ tí wọ́n gbé òkú ènìyàn wálé, tí ẹni tí ó yìnbọn sì ń sunkún pé ẹran ni òun rí? Ẹni tí ọta kan ṣoṣo wà lọ́wọ́ rẹ̀ kò ní fi í dán nǹkan wò. Yóò mọ ohun tí ó fẹ́ yìn kí ó tó yìn ín.

Wọn yóò bi mí pé, “Bí ọta kan náà kò bá pa á ńkọ́?” Ìbéèrè gidi ni, èsì rẹ̀ sì wà ní ìka ọdẹ. Ẹni tí ó mọṣẹ́ a máa fi ọta kejì há ìka ọwọ́ òsì tí ó fi gbé ìbọn ró. Bí ti àkọ́kọ́ bá ti jáde, yóò tẹ irin, ẹnu ìbọn yóò wálẹ̀, yóò fa akúfọ́ ọta yọ, yóò ki tuntun, yóò dé e pa, gbogbo rẹ̀ kò sì ju kí ènìyàn wúkọ́ lẹ́ẹ̀mejì lọ. Mo gbà pé ẹni tí yóò bá ẹfọ̀n pàdé nílò ju bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí ẹfọ̀n tí a ṣe lọ́gbẹ́ a máa padà wá bi ọdẹ ní ọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n àgbọ̀nrín àti ẹtu ni ọ̀rọ̀ wa, àwọn méjèèjì kò sì tó ẹfọ̀n, bí akọ àgbọ̀nrín tí a ṣe lọ́gbẹ́ tilẹ̀ lè fi ìwo kọlu ọdẹ. Ní orí òkè Jámánì àti Austria, níbi tí kò sí ìbọn ayé yìí tí owó kò lè rà, àwọn ọdẹ wà tí wọ́n ń fi ọwọ́ ara wọn yan ráífù ọlọ́ta kan tí a ń ká lọ́rùn, nítorí pé ó fúyẹ́ láti gbé gòkè, ó sì péye. Òṣì kọ́ ni ó fún wọn.

Òfin ilẹ̀ wa pàápàá ń bẹ lẹ́yìn arúgbó náà. Òfin Ìbọn ti 1959 to àwọn ìbọn tí ènìyàn lásán lè gba ìwé àṣẹ fún lẹ́sẹẹsẹ. Ó ka ìbọn ọlọ́ta wẹ́wẹ́ sí i, ṣùgbọ́n ó yọ èyí tí ń ki ara rẹ̀ kúrò, ó sì yọ èyíkéyìí tí ó ní ẹ̀rọ ìkìbọn nínú kúrò pẹ̀lú, èyí tí í ṣe pọ́ǹpù gan-an. Ó gba ráífù ọdẹ láàyè, bí kò bá ti jẹ́ ìwọ̀n ti ológun. Ìbọn tí a fi ń rẹ́rìn-ín ni òfin mọ̀. Ìbọn tí a fi ń ṣakọ ni òfin ń wá olówó rẹ̀ kiri. Kí ẹnikẹ́ni má sì ṣe tàn wá jẹ pé ti ìbílẹ̀ kò nílò ìwé: ṣakabùlà náà ní àṣẹ tirẹ̀.

Ẹ tún wo ilé wa. Bí ọdẹ bá ń wọ ọkọ̀ ojú omi ní Àgbòyí, tàbí tí ó ń rìn kọjá láàrin èrò ní Ìkòsì, ìbọn tí a ká lọ́rùn ń fi ihò rẹ̀ han gbogbo ayé pé òfìfo ni òun. Pọ́ǹpù kò ní irú ẹ̀rí bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀ ẹnu ẹni tí ó gbé e nìkan ni a ó gbà gbọ́, ní àdúgbò tí ògiri ti ń fẹnu ko ògiri.

Ìgbàgbọ́ ọ̀pọ̀ ọta yìí tún ní ọmọ kan tí ó burú ju ìyá rẹ̀ lọ, òun ni pé ẹran kì í tán nínú igbó. Ẹni tí ń ta tòmátì ní Mile 12 mọ̀ pé bí apẹ̀rẹ̀ òní bá tán, ọkọ̀ mìíràn ń bọ̀ láti Òkè Ọya; kò sí ọkọ̀ kankan tí ń kó àgbọ̀nrín bọ̀. Ọmọ kan ṣoṣo ni àgbọ̀nrín ń bí lẹ́ẹ̀kan, lẹ́yìn oyún bí oṣù mẹ́fà, ẹtu náà kì í sì í bí ju ẹyọ kan lọ. Ẹni tí ó bá yìnbọn lẹ́ẹ̀marùn-ún tí ó gbé ẹran kan wálé, tí méjì sì lọ kú sínú irà, ẹran mẹ́ta ni ó pa, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀kan ni ó tà.

Nítorí náà, mo bẹ ẹ̀yin olúọ́dẹ kí ẹ má ṣe fi iye ọta dá ẹnikẹ́ni lọ́lá ní àwùjọ yín, kí ẹ sì jẹ́ kí ọmọ iṣẹ́ kọ́ bí a ti ń fi ọta kan dẹ ẹran kí ó tó fọwọ́ kan ìbọn ọlọ́ta púpọ̀. Ẹ̀yin tí ẹ gbé pọ́ǹpù, ẹ má bá mi jà. Ẹ ka ọta tí ẹ yìn ní ọdún yìí, ẹ ka ẹran tí ẹ gbé délé, kí ẹ sì bi bàbá tí ẹ fi ń ṣẹ̀fẹ̀ ní ti rẹ̀. Bí iye ẹran yín bá súnmọ́ iye ọta yín ju tirẹ̀ lọ, ẹ mú ìwé yìí wá kí n fa á ya lójú yín.