Ìyàwó Livingstone Ńkọ́?

Ní ìpàdé ẹgbẹ́ wa tó kọjá, ọ̀kan nínú àwọn ẹ̀gbọ́n wa dìde, ó sì fi odidi wákàtí kan yin David Livingstone. Ó ní kò sí òyìnbó kan tó fi ara rẹ̀ jìn fún àwọn tálákà ilẹ̀ Áfíríkà tó o. A pàtẹ́wọ́. Èmi náà pàtẹ́wọ́, nítorí ọ̀rọ̀ náà dùn létí, ẹni tó ń sọ ọ́ sì jù mí lọ. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo dé yàrá mi, àtẹ́wọ́ tí mo pa bẹ̀rẹ̀ sí í dùn mí bí ẹni jẹ gbèsè. Nínú odidi wákàtí kan, a kò dárúkọ ìyàwó ọkùnrin náà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Wọ́n ní ilé là á wò kí á tó sọmọ lórúkọ. Ẹ jẹ́ kí á wo ilé Livingstone kí á tó máa pè é ní baba àwọn tálákà.

Mary Moffat ni orúkọ obìnrin náà kí ó tó di ìyàwó ilé. Ní 1821 ni wọ́n bí i ní Griquatown, ní ìhà gúúsù Áfíríkà. Robert Moffat, ará Scotland, ni bàbá rẹ̀. Ìyá rẹ̀, tí òun náà ń jẹ́ Mary, wá láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Àwọn méjèèjì wà lára àwọn tó fìdí ibùdó Kuruman múlẹ̀ láàrin àwọn Tswana, ní ilẹ̀ gbígbẹ tí òjò kì í fi bẹ́ẹ̀ rọ̀. Wọ́n la ipa omi láti orísun wá sínú oko. Wọ́n kọ́ èdè Setswana dáadáa. Moffat túmọ̀ Ìhìnrere Lúùkù tí a tẹ̀ ní 1830, nígbà tó sì di 1857, gbogbo Bíbélì ti jáde ní èdè náà. Kuruman ni wọ́n wà títí di 1870. Mo mọ̀ pé Moffat kò fi ojú rere wo àṣà àwọn tó lọ bá (ìjà ọ̀tọ̀ nìyẹn, bóyá n óò jà á lọ́jọ́ mìíràn). Ṣùgbọ́n ó dúró. Ibi tó kọ́lé sí ni ìyàwó rẹ̀ ti tọ́mọ, ẹni tó bá ń wá a sì mọ ilẹ̀kùn tí yóò kàn.

Inú ilé yìí ni Livingstone bá Mary nígbà tí kìnnìún fà á lápá ya ní 1844, tó wá gbàtọ́jú ní Kuruman. Ní oṣù kìíní 1845, wọ́n ṣe ìgbéyàwó. Ẹ kíyè sí i: ọkọ ló ń kọ́ èdè, ìyàwó ti ń sọ ọ́ láti kékeré. Nígbà tí wọ́n dé Kolobeng, ní ilẹ̀ tí à ń pè ní Botswana lónìí, ní 1847, ọ̀dá mú ilẹ̀ náà débi pé odò gan-an gbẹ. Níbẹ̀ ni Mary ti ń ṣe búrẹ́dì, tó ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe àbẹ́là àti ọṣẹ, tó ń tọ́ ọmọ, tí oúnjẹ ọ̀sán bá sì ti lọ sílẹ̀ tán, òun náà ni yóò lọ kọ́ àwọn ọmọdé ìlú níwèé. Livingstone fúnra rẹ̀ ló kọ gbogbo èyí sínú ìwé rẹ̀ tó jáde ní 1857. N kò purọ́ mọ́ ọn.

Ní Kolobeng yìí kan náà, Sechele, ọba àwọn Bakwena, gba ìrìbọmi ní 1848. Kí ó tó lè gbà á, ó ní láti lé àwọn ìyàwó rẹ̀ lọ, kí ó ku ẹyọ kan. Díẹ̀ nínú àwọn tó lé lọ wà lára àwọn tó mọ̀wé jù ní ilé ẹ̀kọ́ míṣọ́n. Ẹ gbọ́ ná! Obìnrin kọ́ ìwé Ọlọ́run, ó mọ̀ ọ́n, ẹ̀san tó rí gbà ni pé kí ó kó ẹrù rẹ̀ padà sílé bàbá rẹ̀. Kò pẹ́ púpọ̀ tí ọ̀kan nínú wọn fi lóyún fún ọba, Livingstone sì yọ Sechele kúrò nídìí oúnjẹ Olúwa. Òyìnbó náà kó ẹrù rẹ̀ lọ nígbà tó yá. Sechele ló kù tó ń wàásù fún àwọn ènìyàn rẹ̀.

Livingstone kò lè jókòó. Ní 1849, ó rin aginjù Kalahari já dé adágún Ngami. Ní 1850, ó tún lọ, ó kó Mary tó lóyún àti àwọn ọmọ mẹ́ta sínú ọkọ̀ tí màlúù ń fà. Robert jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́rin, Agnes kò tíì pé mẹ́ta, Thomas ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rìn. Ibà kọ lu àwọn ọmọ. Nígbà tí wọ́n padà sí Kolobeng, Mary bí obìnrin, wọ́n sọ ọ́ ní Elizabeth. Kò pé oṣù méjì tó fi kú. Ẹni tí irú èyí bá ṣẹlẹ̀ sí, ẹ̀yin ènìyàn mi, ṣé kò ní jókòó sílé?

Ní 1851, ó tún kó wọn jáde. Mary sì tún lóyún! Ìyá Mary ní Kuruman gbọ́, ó fi ìwé líle ránṣẹ́ sí ọkọ ọmọ rẹ̀, ó bi í bóyá ikú ọmọ kan kò tó o ni. Kò gbọ́. Lójú ọ̀nà, omi tán nínú ọkọ̀, ọjọ́ karùn-ún ni wọ́n tó rí omi. Àwọn ọmọ ń ké, ìyá wọn ń wò wọ́n. Bàbá wọn kọ̀wé lẹ́yìn náà pé ìyàwó òun kò bá òun wí, omijé rẹ̀ nìkan ni òun rí. Ó kọ ọ́ bí ẹni ń yìn ín. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún náà, ó bí ọkùnrin sí ojú ọ̀nà.

Ní 1852, ó kó gbogbo wọn sínú ọkọ̀ òkun ní Cape Town, ó ní kí wọ́n máa lọ sí ìlú òyìnbó, ìlú tí Mary kò tíì gbé rí ju ìgbà díẹ̀ lọ. Òun padà sínú igbó. Ọdún mẹ́rin àti oṣù díẹ̀ ni Mary fi ń ti ilé kan bọ́ sí ilé kan pẹ̀lú ọmọ mẹ́rin. Òun àti àwọn òbí ọkọ rẹ̀ kò rẹ́, owó kékeré tí ẹgbẹ́ míṣọ́n ń fún un kò sì tó ó ná. Nígbà tí ọkọ padà dé ní oṣù kejìlá 1856, ìlú ti sọ ọ́ di akọni. Ní 1858, wọ́n tún gbéra lọ sí odò Zambezi. Oyún tún mú Mary, ó sì yà sílé àwọn òbí rẹ̀ ní Kuruman, ibẹ̀ ló bí Anna Mary sí. Ọmọ náà ti pé ọdún márùn-ún kí bàbá rẹ̀ tó fojú kàn án ní 1864. Mary alára kò sí mọ́ nígbà náà. Ó lọ bá ọkọ rẹ̀ ní Zambezi ní ìbẹ̀rẹ̀ 1862, kò sì lò ju oṣù mẹ́ta lọ tí ibà fi pa á, ní ọjọ́ 27 oṣù kẹrin, ní Shupanga, ní ilẹ̀ Mozambique. Wọ́n sin ín sábẹ́ igi oṣè. Robert, àkọ́bí, lọ pa orúkọ dà, ó wọ iṣẹ́ ológun nínú ogun abẹ́lé Amẹ́ríkà, ó sì kú sọ́wọ́ ọ̀tá ní 1864, ọmọ ọdún méjìdínlógún. Bàbá rẹ̀ kú ní 1873. Inú Westminster Abbey ni wọ́n sin ín sí.

Ọmọ ẹni kì í ṣèdí bẹ̀bẹ̀rẹ̀ ká fi ìlẹ̀kẹ̀ sídìí ọmọ ẹlòmíràn.

Mo mọ èsì tí ẹ̀gbọ́n wa yóò fọ̀. Yóò ní bí Livingstone kò bá lọ, ta ni ì bá ròyìn òwò ẹrú ìlà oòrùn Áfíríkà fún ayé? Òótọ́ ni. Bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran: ohun tó rí ní Nyangwe ní 1871, bí àwọn oníṣòwò ẹrú ṣe ń yìnbọn lu àwọn ará ọjà, ìròyìn rẹ̀ bí àwọn ará Britain nínú, ní 1873 ni a sì ti ọjà ẹrú Zanzibar pa. N kò ní gba èyí lọ́wọ́ rẹ̀. Ohun tí mò ń bèèrè ni pé, nínú gbogbo èyí, níbo ni ọmọ ọdún méjì ti wúlò nínú aginjù? Ọkùnrin tó bá fẹ́ fi ẹ̀mí ara rẹ̀ wewu, ẹ̀mí rẹ̀ ni. Ta ló bi Agnes?

Wọ́n tún lè ní bí ayé ìgbà náà ṣe rí nìyẹn. Irọ́ ni! Ìgbà náà gan-an ni ìyá ìyàwó rẹ̀ kọ̀wé sí i. Ìgbà náà gan-an ni Hinderer àti Anna ìyàwó rẹ̀ wà ní Kúdẹtì, ní Ìbàdàn wa níhìn-ín, láti 1853, tí ogun Ìjàyè sé wọn mọ́ inú ìlú, tí wọ́n ń ta ẹrù wọn kí àwọn ọmọ tí wọ́n gbà tọ́ lè jẹun. Nígbà tí wọ́n sì máa tẹ ìwé nípa iṣẹ́ wọn ní 1872, ìtàn Anna ni wọ́n kọ.

Bí ẹ bá ń ròó pé kí ló kàn mí, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́. Ajíhìnrere ni bàbá mi. Abúlé mẹ́rin ni wọ́n gbé e lọ kí n tó jáde ìwé mẹ́fà. Owó oṣù rẹ̀ kì í pé, ìgbà mìíràn kì í tilẹ̀ dé. Àkàrà tí ìyá mi ń dín ní òwúrọ̀ kùtùkùtù la fi ń jẹun, òun náà la fi san owó ilé ẹ̀kọ́ mi. Òun ló ń gbẹ̀bí fún àwọn obìnrin abúlé tí ilẹ̀ bá ṣú, òun ló ń kọ́ àwọn ọmọ lórin. Lọ́jọ́ tí bàbá mi fẹ̀yìntì, ìjọ ṣe ìsìn ìdúpẹ́ ńlá. Wọ́n ka iṣẹ́ rẹ̀ sókè fún bí ìṣẹ́jú ogójì, wọ́n fún un ní aago ògiri kan. Ìyá mi wà ní ẹ̀yìn ilé, ó ń ro àmàlà fún àwọn àlejò. Èmi náà wà nínú ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ náà, mo sì pàtẹ́wọ́.

Ẹ̀gbọ́n, mo gbọ́ pé ẹ̀yin ni ẹ óò tún sọ̀rọ̀ ní ìpàdé tí ń bọ̀, àti pé orí Livingstone kan náà ni ọ̀rọ̀ yín yóò dá lé. Mo bẹ̀ yín, ẹ fún Mary ní ìdajì wákàtí náà. Iwájú ni n óò jókòó sí.