Pókà Orí Íntánẹ́ẹ̀tì: Ilé Ẹ̀kọ́ Ni Tàbí Ilé Tẹ́tẹ́?

Mo mọ̀ pé bí àwọn kan bá ti rí àkọlé ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ ní ọ̀sẹ̀ yìí, wọn yóò béèrè pé kí ni ó kan àgbẹ̀ nínú káàdì títa. Ọ̀rọ̀ náà kàn wá. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí mo mọ bàbá rẹ̀ dáadáa, tí ó ń ṣe iṣẹ́ olùkọ́, wá bá mi nílé ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan. Ó dọ̀bálẹ̀, ó jókòó, ó sì sọ fún mi pé òun fẹ́ fi gbogbo ọkàn òun kọ́ eré káàdì tí wọ́n ń pè ní pókà, irú èyí tí wọ́n ń ta lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ó ní kì í ṣe nítorí owó, bí kò ṣe kí òun lè di ènìyàn tí ó ní sùúrù, tí ó sì ní làákàyè ju bí òun ti wà yìí lọ. Ó ní, "Bàbá, ilé ẹ̀kọ́ ìwà ni."

N kò lé e jáde. Ọ̀pọ̀ nínú wa ni ìbá lé e, n kò sì ní bá wọn wí, nítorí tẹ́tẹ́ ti fọ́ ilé púpọ̀ lójú wa. A mọ àwọn tí wọ́n fi owó ìwé ọmọ ta púùlù. A sì ń rí àwọn ọ̀dọ́ òde òní tí wọ́n ń fi owó oúnjẹ ta tẹ́tẹ́ bọ́ọ̀lù lórí fóònù. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ sùnnùkùn, ojú sùnnùkùn ni a fi ń wò ó. Mo bi í léèrè ibi tí ó ti rí irú èrò bẹ́ẹ̀, ó sì dárúkọ obìnrin kan fún mi, Maria Konnikova. Mo lọ wádìí obìnrin náà.

Ìlú Moscow ni wọ́n ti bí i ní ọdún 1984, àwọn òbí rẹ̀ sì mú un lọ sí Amẹ́ríkà nígbà tí ó wà ní kékeré. Ó kàwé ní Harvard, ó sì gba oyè ọ̀mọ̀wé ní Columbia nínú ìmọ̀ nípa èrò inú ènìyàn, lábẹ́ Ọ̀jọ̀gbọ́n Walter Mischel. Ohun tí ó wádìí níbẹ̀ ni bí ènìyàn ti máa ń ṣì í gbà pé ọgbọ́n òun ni ó ṣe ohun tí ó jẹ́ pé oríire ni ó ṣe é. Lẹ́yìn náà, nígbà tí ó ti di òǹkọ̀wé, ìpọ́njú bá ilé rẹ̀ láàárín àkókò kúkurú: àìsàn kọlù ú, ìyá rẹ̀ àgbà ṣubú, ó sì kú, iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ ìyá rẹ̀, iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ ọkọ rẹ̀. Ta ni nínú wa tí irú ọdún bẹ́ẹ̀ kò dé bá rí? Ìbéèrè tí ó wà lọ́kàn rẹ̀ ni pé, nínú gbogbo ohun tí ń ṣẹlẹ̀ sí ènìyàn, èwo ni ó wà ní ìkáwọ́ rẹ̀, èwo ni kò sì sí?

Ibi tí ó ti ń wá ìdáhùn ni ó ti bá ìwé John von Neumann pàdé, ọmọ ilẹ̀ Họ́ngárì tí ó jẹ́ àgbà nínú ìmọ̀ ìṣirò, ẹni tí òun àti Oskar Morgenstern jọ tẹ ìwé kan jáde ní ọdún 1944 lórí ìmọ̀ eré àti ọrọ̀ ajé. Von Neumann a máa ta pókà, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n sọ pé kò mọ̀ ọ́n ta tó bí ó ti mọ ìṣirò rẹ̀! Konnikova wá lọ bá Erik Seidel, ọ̀kan nínú àwọn àgbà tí eré náà ní láyé, ẹni tí ó ti gba ẹ̀gbà ọwọ́ ìdíje àgbáyé ní ìgbà 8 nígbà náà, ó sì bẹ̀ ẹ́ kí ó kọ́ òun. Obìnrin yìí kò mọ iye káàdì tí ó wà nínú páálí kan nígbà náà. Bí ẹ bá fẹ́ mọ̀ ọ́n, 52 ni.

Ẹ wo bí ó ti kọ́ ọ. Òfin kò gba pókà orí íntánẹ́ẹ̀tì láàyè ní New York níbi tí ó ń gbé, ṣùgbọ́n New Jersey ti fàyè gbà á láti ọdún 2013. Nítorí náà, a máa kọjá odò Hudson, a máa jókòó nínú ilé tí wọ́n ti ń ta kọfí, a ó sì máa fi kọ̀ǹpútà kọ́ eré náà pẹ̀lú owó kékeré, nítorí pé káàdì máa ń yára lórí íntánẹ́ẹ̀tì ju bí ó ti ń rí lórí tábìlì lọ. Ó ń kọ ohun tí ó ṣe sílẹ̀, ó sì ń mú un lọ fún olùkọ́ rẹ̀. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2018, ó gba ipò kìn-ín-ní nínú ìdíje kan ní erékùṣù Bahamas, owó tí wọ́n sì fún un jẹ́ 84,600 dọ́là. Ní ọdún 2020 ni ó tẹ ìwé rẹ̀ jáde.

Kì í ṣe owó yìí ni ó mú mi dúró láti ronú. Ohun tí ó mú mi dúró ni pé Seidel kì í fẹ́ gbọ́ ìtàn orí burúkú. Bí akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ bá dé, tí ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ bí káàdì rere rẹ̀ ti ṣubú lọ́wọ́ ẹni tí kò mọ nǹkan kan, Seidel yóò dá a dúró. Ó ní irú ìtàn bẹ́ẹ̀ dà bí ẹni tí ó ru ìdọ̀tí ilé rẹ̀ lọ dà sí iwájú ilé ẹlòmíràn. Ohun tí ó fẹ́ gbọ́ ni èyí: kí ni o mọ̀ nígbà náà, kí ni o ṣe, kí ni ó sì mú ọ ṣe é?

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé eré náà fún ẹni tí kò rí i rí. Ní irú èyí tí ó wọ́pọ̀ jù lọ, wọn a fún ẹnì kọ̀ọ̀kan ní káàdì 2 tí òun nìkan yóò máa wò, wọn a sì tẹ́ káàdì 5 sí àárín fún gbogbo ènìyàn, díẹ̀díẹ̀. Bí káàdì ti ń jáde ni wọ́n ń fi owó sí àárín. Ẹni tí ẹ̀rù bá bà lè da káàdì rẹ̀ sílẹ̀, kí ó sì fi owó tí ó ti dá tẹ́lẹ̀ sílẹ̀. Ẹni tí kò ní nǹkan kan lọ́wọ́ pàápàá lè fi owó ńlá dẹ́rù ba àwọn yòókù, kí wọ́n sì sá fún un. Káàdì 2 tí ó dára jù lọ láti fi bẹ̀rẹ̀ ni éèsì méjì, ìgbà kan ṣoṣo nínú 221 ni ó sì ń bọ́ sí ènìyàn lọ́wọ́. Bí ẹni tí ó ní éèsì méjì bá kó gbogbo owó rẹ̀ sílẹ̀, tí ẹni tí ó ní ọba méjì sì kó ti tirẹ̀ sílẹ̀, éèsì ni yóò borí ní nǹkan bí ìgbà 4 nínú 5. Ní ìgbà karùn-ún, ẹni tí ó ṣe ohun tí ó tọ́ ni yóò dìde ní ọwọ́ òfo.

Àgbẹ̀ kò nílò kọ̀ǹpútà kí ó tó mọ èyí. Ẹni tí ó kọ ebè ní àkókò, tí ó ki ọwọ́ bọ ilẹ̀ rere, tí ó bo iṣu rẹ̀, tí ọ̀dá sì wá dá, ṣé òmùgọ̀ ni? Ẹni tí ó fi èbù bíbàjẹ́ há ilẹ̀ nígbà tí àkókò ti kọjá, tí òjò àìròtẹ́lẹ̀ sì gbà á là, ṣé ọlọ́gbọ́n ni òun náà? Síbẹ̀, ní àbúlé wa, ẹni tí iṣu rẹ̀ ta ni a máa ń yìn, a kì í bi í bí ó ti gbìn ín. Annie Duke, tí òun pẹ̀lú jẹ́ ará ìdí pókà, kọ ìwé kan ní ọdún 2018 lórí àṣìṣe yìí gan-an, pé àwa ènìyàn máa ń fi àbájáde ọ̀rọ̀ dá ìpinnu lẹ́jọ́. Bí a bá lè gba ẹ̀kọ́ yìí, yálà lórí káàdì ni tàbí lórí ebè, ìdájọ́ wa lórí ọmọ, lórí aya, àti lórí àwọn tí a ń dìbò fún, yóò yàtọ̀.

Ẹnì kan lè wí pé, kí ló dé tí a kò fi ayò tiwa kọ́ ọgbọ́n? Mo fẹ́ràn ayò, kò sì sí ẹni tí ó lè sọ ọ́ di yẹpẹrẹ lójú mi. Ṣùgbọ́n òtítọ́ ni kí a sọ. Ihò 12 àti ọmọ ayò 48 ni, gbogbo rẹ̀ sì wà ní gbangba lójú ọ̀ta àti ọ̀pẹ. Ẹni tí ó bá lè kà á tán ni yóò jẹ. Ohun kan náà ni Von Neumann rí nínú eré ṣẹ́ẹ̀sì, tí ó fi kà á sí ìṣirò lásán. Ní ayé, oníṣòwò kòkó kì í fi ìwé owó rẹ̀ hàn ọ́ kí ẹ tó dá iye lé ọjà. Nǹkan ń pamọ́, pókà sì ń kọ́ ènìyàn bí a ti í ṣe ìpinnu nígbà tí nǹkan pamọ́. Mo fún ọ̀dọ́mọkùnrin náà ní ẹ̀tọ́ rẹ̀ lórí ibí yìí.

Wàyí o, ẹ jẹ́ kí a yíjú sí owó ilé ìwé.

Iṣu tí a gbìn ń ta, ṣùgbọ́n owó tí a kó sí àárín tábìlì pókà kì í ta. Bí ènìyàn 6 bá mú 1,000 náírà wá lẹ́nì kọ̀ọ̀kan, kò sí ọgbọ́n tí ó lè sọ 6,000 yẹn di 6,001. Ohun tí ẹnì kan bá jẹ ni ẹlòmíràn pàdánù. Bẹ́ẹ̀ ni onílé kò sì jókòó lásán, nítorí pé nígbà púpọ̀ ni yóò máa bu ti tirẹ̀ nínú owó àárín, bíi 5 nínú 100, àgbẹ̀dẹ tí kì í tú. Bí wọ́n bá ta á títí di òwúrọ̀, kì í ṣe pé àwọn kan yóò pàdánù nìkan, gbogbo wọn lápapọ̀ ni wọn yóò ti pàdánù. Nítorí náà, ilé ẹ̀kọ́ tí a ń wí yìí jẹ́ irú èyí tí akẹ́kọ̀ọ́ díẹ̀ ń fi owó àwọn púpọ̀ kàwé jáde. Ó yẹ kí ẹni tí ó fẹ́ wọ̀ ọ́ bi ara rẹ̀ pé, nínú ọ̀wọ́ méjèèjì, èwo ni èmi?

Àwọn tí ń polówó eré náà ní ìtàn mìíràn tí wọ́n fẹ́ràn láti sọ. Ti Chris Moneymaker ni wọ́n máa ń sọ, oníṣirò owó ará Tennessee tí ó fi 86 dọ́là ta pókà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, tí ó ti ibẹ̀ dé ìdíje àgbáyé ti ọdún 2003, tí ó sì gba mílíọ̀nù méjì ààbọ̀ dọ́là. Òótọ́ ni. Ènìyàn 839 ni ó du ìdíje náà. Kí ni orúkọ àwọn 838 yòókù?

Ilé náà pàápàá kò ṣe é fọkàn tán ní gbogbo ìgbà. Ní ọdún 2007, àṣírí tú pé ẹnì kan wà ní ilé pókà Absolute Poker tí ó ń rí káàdì tí gbogbo ènìyàn fi pamọ́. Ní ọjọ́ 15 oṣù kẹrin ọdún 2011, ìjọba Amẹ́ríkà gbé ẹsẹ̀ lé mẹ́ta nínú àwọn ilé pókà tí ó tóbi jù lọ, nígbà tí wọ́n sì yẹ ìwé Full Tilt Poker wò, ìjọba sọ fún ilé ẹjọ́ pé ilé náà jẹ àwọn oníbàárà ní gbèsè tí ó tó 390 mílíọ̀nù dọ́là, nígbà tí nǹkan bí 60 mílíọ̀nù péré wà ní báńkì. Àwọn ará Amẹ́ríkà tí owó wọn há síbẹ̀ kò bẹ̀rẹ̀ sí í rí i gbà títí di ọdún 2014. Láti ìgbà náà wá, ẹ̀rọ tún ti kọ́ eré náà. Libratus fi ìyà jẹ ọ̀gá pókà 4 ní Pittsburgh ní ọdún 2017, Pluribus sì borí àwọn ọ̀gá níbi tí ènìyàn 6 ti ń ta á ní ọdún 2019. Ta ni yóò wá bá ọmọ wa ṣe ìbúra pé ènìyàn ni ó jókòó ní òdìkejì fóònù rẹ̀?

Síbẹ̀, kì í ṣe olè tàbí ẹ̀rọ ni mo ń bẹ̀rù jù. Ohun tí mo ń bẹ̀rù ni yàrá tí a ti ilẹ̀kùn rẹ̀. Bí a bá ń ta ayò lábẹ́ igi, àwọn òǹwòran wà níbẹ̀. Wọn yóò fi ọ ṣe yẹ̀yẹ́ bí o bá ń bínú. Àgbàlagbà kan yóò wí pé ó tó gẹ́ẹ́, ìyàwó yóò ránṣẹ́ pe ọkọ, ilẹ̀ yóò ṣú, ojú kò sì ní rí ọmọ ayò mọ́. Fóònù kò ní ilẹ̀ ṣíṣú. Ẹni tí inú bí nítorí òfò rẹ̀ ní agogo méjì òru, tí ó fẹ́ gbà á padà kí ilẹ̀ tó mọ́, kò sí ẹni tí yóò di ọwọ́ rẹ̀ mú. Àwọn onípókà pàápàá mọ̀ pé ìbínú yìí ni ó ń jẹ owó ju àìmọ̀ lọ. Konnikova ní olùkọ́ tí yóò bi í léèrè, ó ní iṣẹ́ ìwé kíkọ tí ó ń fún un ní oúnjẹ, owó tí ó fi kọ́ ọ kéré, ìwé àkọsílẹ̀ sì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Lójú tèmi, inú àwọn nǹkan wọ̀nyí ni ẹ̀kọ́ náà wà. Ẹni tí ó bá yọ wọ́n kúrò kò mú nǹkan kan jù tẹ́tẹ́ lọ.

Ohun tí mo sọ fún ọ̀dọ́mọkùnrin náà nìyí. Mo ní kí ó má fi iṣẹ́ olùkọ́ sílẹ̀. Mo ní kí ó sọ fún bàbá rẹ̀, nítorí ẹ̀kọ́ tí a kò lè sọ fún òbí kì í ṣe ẹ̀kọ́ tí mo mọ̀. Mo ní kí ó fi oṣù mẹ́ta ta á ní ibi tí kò sí owó, nítorí àwọn ilé wọ̀nyí ní tábìlì ọ̀fẹ́, kí ó sì máa kọ gbogbo ìpinnu rẹ̀ sínú ìwé kan: ohun tí ó mọ̀, ohun tí ó ṣe, àti ìdí rẹ̀. Bí ó bá rí i pé eré náà kò dùn mọ́ òun nítorí pé owó kò sí nínú rẹ̀, kí ó wá sọ fún mi, a ó sì mọ ohun tí ó ń wá láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ó rẹ́rìn-ín, ó gbà. Ní ọ̀sẹ̀ tí ó kọjá ni ó mú ìwé náà wá. Ojú ewé 11 ni ó ti kọ, ó sì jẹ́wọ́ pé ó ti sú òun lẹ́ẹ̀mejì. Mo kà á lójú rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ní ojú ewé 8, orí burúkú ni ó dá lẹ́bi. Mo fi bírò pupa fa ìlà sí abẹ́ gbogbo rẹ̀, mo sì ní kí ó lọ tún wọn kọ.