Kì í ṣe gbogbo ẹ̀jẹ̀ ìdí ni jẹ̀dí

Ọ̀rọ̀ ìdí ni mo gbé wá lọ́sẹ̀ yìí o, ẹ má bínú sí mi pé mo gbé e síta gbangba. Ìtìjú ọ̀rọ̀ yìí wà lára ohun tó ń pa àwọn èèyàn wa.

Ṣé ẹ rántí Pelé, ọba bọ́ọ̀lù ilẹ̀ Brazil? Àyẹ̀wò ara lásán ni wọ́n ń ṣe fún bàbá náà lọ́dún 2021 táwọn dókítà fi rí kókó kan nínú ìfun ńlá rẹ̀, lápá ọ̀tún. Wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún un, ṣùgbọ́n jẹjẹrẹ náà ló padà pa á lọ́jọ́ 29, oṣù Kejìlá, ọdún 2022. Ẹni ọdún 82 ni.

Ẹ tún wo Chadwick Boseman, ọmọ Amẹ́ríkà tó ṣe ọba Wakanda nínú fíìmù Black Panther. Ọdún 2016 ni wọ́n ti sọ fún un pé jẹjẹrẹ ìfun ńlá ló ń ṣe é, àìsàn ọ̀hún sì ti wọ ìpele kẹta. Ó fi í sínú, ó ń gbàtọ́jú, ó ń ṣe fíìmù. Àfi ìgbà tó kú lọ́jọ́ 28, oṣù Kẹjọ, ọdún 2020 ni aráyé tó gbọ́. Ẹni ọdún 43 péré!

Àìsàn kan náà ló pa àwọn méjèèjì. Ti bàbá àgbà yẹn ò ya dókítà kankan lẹ́nu, torí àìsàn àgbà ni wọ́n mọ̀ ọ́n sí látọjọ́ tó ti pẹ́. Lóòótọ́, títí dòní, àwọn tó ti lé ní àádọ́ta ọdún ló pọ̀ jù nínú àwọn tó ń ní in. Ṣùgbọ́n nǹkan ti ń yí padà. Ní Amẹ́ríkà tí wọ́n ti ń kà á, lọ́dún 1995, nínú èèyàn 100 tí wọ́n bá a lára wọn, 11 ni kò tíì pé ẹni ọdún 55. Nígbà tó máa fi di 2019, wọ́n ti di 20. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi kéde níbẹ̀ lọ́dún 2021 pé kí àyẹ̀wò máa bẹ̀rẹ̀ láti ẹni ọdún 45, kì í ṣe 50 mọ́.

Ibi tí ọ̀rọ̀ wá ti kàn wá gan-an rèé. Bí bàbá ẹni ọdún 65 bá sọ pé òun ń yàgbẹ́ ẹ̀jẹ̀, ara dókítà á já, àyẹ̀wò á bẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ọmọ ọgbọ̀n ọdún bá sọ bẹ́ẹ̀ ńkọ́? "Jẹ̀dí ni, o ti jẹ ṣúgà jù!" Ó parí. Ọ̀dọ̀ ìyá alágbo ló kàn.

Mi ò bú alágbo o. Èmi tí mò ń kọ ọ́ yìí, mi ò tíì pé ẹni ọdún 35, agbo jẹ̀dí tí mo ti mu ní gáréèjì kò níye. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ ẹ̀tàn tó wà níbẹ̀: ẹ̀jẹ̀ jẹjẹrẹ kì í wá lójoojúmọ́. Ó lè wá lónìí, kó dá fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Tó bá ti bọ́ sí ìgbà téèyàn mu agbo, a ó ní agbo ti ṣiṣẹ́. Báyìí ni oṣù ń gorí oṣù.

Ohun mìíràn tún ni pé lára àwọn ọ̀dọ́, ìpẹ̀kun ìfun nítòsí ihò ìdí, àti apá òsì, ni jẹjẹrẹ yìí sábà máa ń jókòó sí. Ẹ̀jẹ̀ tó bá ti ibẹ̀ wá á pọ́n yòò, bíi ti jẹ̀dí gẹ́lẹ́. Lára àwọn àgbà, ó máa ń wà lápá ọ̀tún jù báyẹn lọ, ẹ̀jẹ̀ lè máa jò lábẹ́lẹ̀ lójú tí kò rí i, kó kàn máa rẹ bàbá.

Nǹkan mẹ́rin ni kẹ́yin ọ̀dọ́ máa ṣọ́: ẹ̀jẹ̀ láti ojú ìdí, inú rírun tí kò lọ, ìgbẹ́ gbuuru tó ń pààrà, àti kí wọ́n ní ẹ̀jẹ̀ ò tó lára yín láìnídìí. Bí bàbá, ìyá tàbí ọmọ ìyá yín bá ti ní in rí, ẹ má tiẹ̀ dúró de àmì kankan, ẹ lọ sọ fún dókítà. Ṣùgbọ́n ẹ má fi ìyẹn tan ara yín o, ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ tó ń ní in ni kò sẹ́ni tó ní in rí nílé wọn.

Ẹ ní kí dókítà fi ìka yẹ ojú ìdí yín wò. Bó bá ní ẹ ṣì kéré, ẹ wá ẹlòmíì. Àyẹ̀wò ìgbẹ́ wà, èyí tí wọ́n fi ń fi kámẹ́rà wo inú ìfun náà wà láwọn ọsibítù ńlá wa. Owó rẹ̀ ò kéré, mi ò ní parọ́, ṣùgbọ́n owó ìtọ́jú jẹjẹrẹ tó ti ràn jù ú lọ fíìfíì.

Kékeré la ti ń pẹ̀ka ìrókò. Kókó kékeré ló máa ń kọ́kọ́ yọ, ó sì lè lo bí ọdún mẹ́wàá kó tó di jẹjẹrẹ. Wọ́n lè gé e dànù lọ́jọ́ tí wọ́n bá rí i. Kódà tó bá ti di jẹjẹrẹ, bí kò bá tíì jáde kúrò nínú ìfun, bí èèyàn 9 nínú 10 ló ń wà láàyè lẹ́yìn ọdún márùn-ún ní Amẹ́ríkà. Tó bá ti ràn dé ẹ̀dọ̀ tàbí ẹ̀dọ̀fóró, wọn kì í pé 2.

Jẹ̀dí ló pọ̀ jù nínú ẹ̀jẹ̀ ìdí, mo gbà. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí dókítà ló sọ pé jẹ̀dí ni. Ó dọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.