Ẹ Jọ̀ọ́, Ẹ Má Jẹ́ Kí Wọ́n Yí Ọrùn Yín Dún Mọ́

Nígbà ọdún Kérésì tó kọjá, mo lọ kí àǹtí mi ní Badagry. Ó ti lé lógún ọdún tí wọ́n ti ń fi orí ru àgbọn lọ sí ọjà Agbálátà. Mo kí wọn láti ẹ̀yìn, àmọ́ kàkà kí wọ́n yíjú, gbogbo ara ni wọ́n yí. Ọrùn ti gan.

"Má dà mí láàmú jàre. Ọkùnrin kan wà tó máa ń bá mi yí i. Tó bá ti dún kọ́, ó bùṣe."

Ó bùṣe kẹ̀? Ọ̀sẹ̀ kejì rèé tí ọwọ́ ọ̀tún wọn ti ń kú tipiri!

Ẹ jẹ́ ká wò ó. Egungun méje ló wà nínú ọrùn wa (àgùnfọn pàápàá, méje náà ni tiẹ̀). Orí tó wọ̀n tó kílò 4 sí 5 ni wọ́n ń gbé, ká tó wá gbé agbọ̀n lé e. Ohun rírọ̀ bíi tìmùtìmù wà láàárín wọn. Bó bá ti ń gbó, ó lè ti iṣan tó lọ sí apá, ọwọ́ á sì kú. Wọ́n ti fi X-ray wo ọrùn àwọn aláàárù ní Kóńgò: tiwọn gbó ju ti ẹni tí kì í rẹrù lọ.

Dídún yẹn ńkọ́? Kì í ṣe egungun ló padà sáyè ẹ̀. Afẹ́fẹ́ inú omi oríkèé ló dún. Ara á fúyẹ́ díẹ̀, ìyẹn ló ń tàn wá. Àmọ́ iṣan ẹ̀jẹ̀ tó lọ sí ọpọlọ gba inú egungun ọrùn kọjá. Tí wọ́n bá fi agbára yí i, ó lè ya, rọpárọsẹ̀ sì lè tẹ̀ lé e. Kì í wọ́pọ̀ o, àmọ́ ta ló fẹ́ fi tiẹ̀ dánrawò? Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń ní kí onígbàjámọ̀ bá yín yí i, ẹ̀yin náà ni mò ń bá wí.

Ẹ ó ní, "Owó dókítà ńkọ́?" Ọ̀pọ̀ ọrùn dídùn ló ń lọ fúnra ẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀. Ẹ fi aṣọ gbígbóná lé e, ẹ máa rọra yí i fúnra yín, ẹ má sì dùbúlẹ̀ gbalaja. Ẹ pín ẹrù sí méjì, tàbí kẹ́ ẹ lo ọmọlanke.

Àmọ́ tí ọwọ́ bá ń kú, tí ẹsẹ̀ ò lágbára mọ́, tí ìtọ̀ ò ṣeé mú mọ́ra, tí ibà bá bá ọrùn gígan rìn, tàbí tó jẹ́ pé ẹ ṣubú lórí ọ̀kadà, ilé ìwòsàn ló kàn.

Àǹtí mi lọ níkẹyìn. Physiotherapist kọ́ wọn ní eré ìdárayá mẹ́rin péré. Ọwọ́ ti ń sàn, kò tíì tán. Wọ́n ṣì ń sọ pé ọwọ́ ọkùnrin yẹn dáa. Mi ò bá wọn jiyàn. Mo kàn ń bi wọ́n lálaalẹ́ lórí fóònù pé, "Àǹtí, ṣé ẹ ti ṣe mẹ́rẹ̀ẹ̀rin?"